Ẹ̀yin tó ti tún ilé ṣe rí: níbo lẹ ti ń rí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́, kí la sì lè kọ́ lọ́dọ̀ wọn?

Tíṣà_Òkè_Àdó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé kan wà tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún wa ní Òkè Àdó n'Íbàdàn. Yàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá wà lẹ́yìn. Àwa ọmọ ti fẹnu kò pé a fẹ́ sọ ọ́ di fúláàtì méjì. Owó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó iṣẹ́, èmi tí mo jẹ́ tíṣà, tí n kò mọ nǹkan kan nípa ilé kíkọ́. N kò fẹ́ di bíríkìlà o. Mo kàn fẹ́ mọ ìwọ̀nba tí wọn ò fi ní máa ṣàlàyé fún mi kí n máa mi orí bí alángbá. Níbo lẹ ti rí àwọn tó mọṣẹ́? Kí ni mo lè bi wọ́n tí wọn ò fi ní sọ pé mò ń ṣọ́ wọn?

Ọmọ_Ọ̀jọ́ọ̀:
Má ṣe bi ẹni tó ń ta síméńtì. Gbogbo wọn ló ní bíríkìlà "tiwọn", ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ẹ̀bùn kékeré kan ń bọ̀ lábẹ́lẹ̀. Jáde láàárọ̀, kó o rìn yí àdúgbò po. Ibi tó o bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré, yà síbẹ̀, kí wọn dáadáa: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá." Béèrè ilé tí wọ́n ti kọ́ parí ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kó o lọ bá ayálégbé tó wà níbẹ̀. Ilé tí wọ́n parí lánàá, gbogbo rẹ̀ ló ń dán. Èyí tí òjò ti rọ̀ sí fún ọdún mélòó kan ni yóò sọ òótọ́. Wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá ọ̀dà ń bó, wo abẹ́ fèrèsé bóyá omi ń wọlé. Ayálégbé kì í bá lándíláàdì fi nǹkan pamọ́.

Fọ́mààn_Ẹlẹ́yẹlé:
Bíríkìlà ni mí, n óò sì bá yín sọ ọ́ bó ṣe rí.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wa, ẹ wá nígbà tí iṣẹ́ ṣì ṣí sílẹ̀. Ilé tó ti gba ọ̀dà, èmi alára ò lè wò ó kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fáńdéṣọ̀n tí wọn ò tíì bò, irin tí wọn ò tíì da kọnkéré lé, páìpù tí wọn ò tíì rẹ́ mọ́ inú ògiri, ìyẹn lẹ máa wò. Ẹ ṣáà rí gbogbo ohun tí wọ́n máa bò kí wọ́n tó bò ó.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi bíríkìlà ni pé: "Ta lọ̀gá yín?" Kì í ṣe ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un o, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tó kọ́ṣẹ́, tó sì gba fírídọ̀mù, á dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, á sọ àdúgbò, á sọ ọdún, kódà á sọ ìyà tó jẹ lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá. Ẹni tó ṣe lébìrà títí tó fi di ọjọ́ kan tó ra tìráwẹ̀lì, ọ̀rọ̀ ni yóò máa yí po. Ìdánwò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Trade Test náà wà, láti ipele 3 dé ipele 1. Tó bá ní i, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé kò ní i lé e, àwọn àgbà tó kọ́ wa ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní kó fi bó ṣe ń mú igun ilé hàn yín. Lórí okùn kan, a máa wọn ẹsẹ̀ bàtà 3. Lórí okùn kejì, 4. Láti àmì kan sí èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 5 géérégé. Tó bá lé, igun yẹn ti là jù, tó bá dín, ó ti fún. Ilé tó bá tóbi, 6, 8 àti 10 là ń lò, torí pé bí ilé bá ṣe gùn tó ni àṣìṣe kékeré máa ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ di orí kan rọ́bà omi mú. Rọ́bà tó mọ́ gaara ni, a máa ń rọ omi sí i. Ọmọṣẹ́ kan á dúró lẹ́bàá òpó yìí, ẹ̀yin á dúró lẹ́bàá tọ̀hún, ibi tí omi bá dúró sí lọ́dọ̀ yín náà ló dúró sí lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ì báà jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá há sínú rọ́bà, irọ́ ló ń pa. Ẹ máa rí i tí ọ̀gá tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ gbé rọ́bà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á wò ó látòkè délẹ̀, á tàn án níka kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹni tí kò wò ó rárá, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àpòpọ̀ kọnkéré: àpò síméńtì kan jẹ́ kílò 50, ó tó bíi hẹ́dípáànù méjì. Tí wọ́n bá ní 1:2:4, àpò kan, yanrìn hẹ́dípáànù 4, òkúta gíránáítì hẹ́dípáànù 8. Ẹ ka á. Àwọn lébìrà míì á ní ṣọ́bìrì làwọn fi ń wọn, ṣọ́bìrì tó kún àti èyí tí kò kún sì ti yàtọ̀ síra. Wọ́n tún fẹ́ràn omi púpọ̀ torí ó máa ń rọrùn láti fi ṣọ́bìrì fà, bẹ́ẹ̀ omi àpọ̀jù ló ń sọ kọnkéré di ọ̀lẹ. Àárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti bá fọ́mààn sọ ọ́, kó jẹ́ òun ni yóò bá wọn sọ ọ́. Ẹ má lọ máa pariwo mọ́ lébìrà.

Ìgbà wo la ń béèrè ìbéèrè? Kí wọ́n tó po ó, tàbí nígbà oúnjẹ. Kọnkéré tí wọ́n ti po kò ní dúró de àlàyé. Ẹ gbé omi tútù àti búrẹ́dì dání lọ́jọ́ kan, wọ́n á sọ èyí tí ẹ bi wọ́n àti èyí tí ẹ ò bi wọ́n.

Tíṣà_Òkè_Àdó:
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ògiri àárín ńkọ́? A fẹ́ wó ti yàrá méjì iwájú kí wọ́n di pálọ̀ kan. Káfíńtà kan wò ó, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kan la máa fi wó o. Ilé alámọ̀ ni o, síméńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú.

Sífù_Ẹnjiníà:
Ẹ dákun, ẹ dákun, ẹ má tíì fọwọ́ kan ògiri kankan.

Nínú ilé alámọ̀ àtijọ́, kì í sábàá sí òpó, kì í sí bíìmù. Ògiri gan-an ló ń ru òrùlé. Tí ẹ bá wó ọ̀kan láàárín, ẹrù tó ń rù yóò wá ibòmíràn lọ, ibẹ̀ lè má lágbára tó. Ó lè ṣeé ṣe láti sọ yàrá méjì di ọ̀kan o, èmi ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti ṣírò bíìmù tí yóò rọ́pò ògiri yẹn, àti òpó tí bíìmù máa jókòó lé, àti ìpìlẹ̀ tí òpó náà máa dúró lé. Iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn, kì í ṣe ti káfíńtà, kì í sì í ṣe ti bíríkìlà, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Ẹ bi ẹnjiníà ní nọ́ńbà COREN rẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn. Àwọn yòókù náà ní àjọ tiwọn: ayàwòrán ilé wà lábẹ́ ARCON, bíúdà wà lábẹ́ CORBON. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lóòótọ́ kì í bínú tí wọ́n bá béèrè.

Àwọn èèyàn rò pé ilé gogoro nìkan ló ń wó, bíi ti òpópónà Gerrard n'Íkòyí tó wó ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ẹ rántí ti Ìta Fàájì l'Ékòó ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé àtijọ́ tí iléèwé wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wó.

Ẹ fi ìka kan síméńtì tó wà lójú ògiri yín, pàápàá nísàlẹ̀. Tó bá ń dún kùkùkù, ó ti bọ́ lára amọ̀. Omi tó ń gòkè láti inú ilẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde lẹ́yìn síméńtì, amọ̀ inú á máa rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nígbà tí ojú ìta ṣì le. Ẹ sọ fún ẹnjiníà pé kó wo ìyẹn kó tó wo pálọ̀.

Ohun kan tí mo máa ń kọ́ gbogbo onílé ni bí wọ́n ṣe lè mọ irin tó pé. Irin 12mm tó gùn ní mítà 12 jẹ́ bíi kílò 10.7. Tọ́ọ̀nù kan ò ní ju irin 93 tàbí 94 lọ. Ti 16mm jẹ́ bíi 52 tàbí 53, ti 10mm jẹ́ bíi 135. Tí ẹni tó ń tà á bá ka 110 fún yín ní tọ́ọ̀nù kan 12mm, tí inú yín ń dùn pé ó ṣe yín lóore, irin tó tín-ín-rín lẹ rà. Síméńtì náà, ẹ wo ara àpò. Lọ́dún 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti sọ pé síméńtì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, pé 42.5 ni kí wọ́n máa fi da òpó, bíìmù àti dẹ́kìn. Nọ́ńbà yẹn wà lára àpò, lẹ́tà rẹ̀ kàn kéré ni.

Aláwàdà_Dùgbẹ̀:
Káfíńtà tó ní kò sí nǹkan yẹn, ẹ jẹ́ kó wá sun pálọ̀ tuntun náà lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá wó ògiri. Ẹ bá a tẹ́ ẹní síbẹ̀. Tó bá ní ìyàwó òun ń dúró de òun nílé, ìdáhùn yín nìyẹn.

ÌyáÌbejì_Peckham:
Ẹ ò ní pa mí lẹ́rìn-ín, Aláwàdà.

London ni mo wà, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ́lé. Níhìn-ín, ẹni tó bá máa fọwọ́ kan gáàsì nínú ilé gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Gas Safe. Ó ní káàdì tí fọ́tò rẹ̀ wà lójú rẹ̀, irú iṣẹ́ tó lè ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn á kàn ní "ẹ jẹ́ n rí káàdì yín", á yọ ọ́. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Nílé wa, tó o bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní o ò fọkàn tán àwọn. Nítorí náà, mo máa ń fi ọ̀wọ̀ bò ó: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, òkè òkun ni mo wà, àwọn àbúrò mi ló ń yọ mí lẹ́nu pé kí n rí ìwé." Àwọn àbúrò mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o.

Èyí tó wúlò jù fún mi ni fọ́tò. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, wọ́n á na téèpù láti igun ògiri dé ibi tí páìpù tàbí wáyà gbà, wọ́n á tún nà án láti ilẹ̀, wọ́n á wá ya á kí nọ́ńbà téèpù hàn kedere. Yàrá kan, fódà kan. Púlọ́ńbà wa kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ pé àṣejù ni. Nígbà tí ẹni tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù fẹ́ lu ògiri kíṣíìnì, púlọ́ńbà yìí kan náà ló pè mí pé kí n fi fọ́tò ránṣẹ́ kíákíá.

Owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, owó ọjà lọ́tọ̀. Ẹ pín iṣẹ́ sí ìpele, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sanwó ìpele tí ẹ ti rí.

Wáyà_Agége:
Ẹléńtíríkì rèé o. Wáyà tó wà nínú ilé Tíṣà, ó dájú pé gílóòbù, rédíò àti fáànù ni wọ́n fà á fún. Ẹ bi ẹni tó bá máa ṣe é pé wáyà wo ló fẹ́ lò síbo. Wáyà 1.5mm² fún gílóòbù, 2.5mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4mm² fún A.C. Tó bá ní 2.5 ló máa gbé gbogbo rẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹ ní kó fi ibi tó máa ri irin ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọnú ilẹ̀, mọ́lẹ̀ hàn yín.

Kò gbọdọ̀ sí wáyà tí wọ́n á rẹ́ mọ́ inú síméńtì láìsí páìpù. Kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, ẹ ní kó fa wáyà kan jáde nínú páìpù lójú yín, kó tún fà á padà. Tó bá há, páìpù ti tẹ̀ níbì kan tàbí síméńtì ti wọ inú rẹ̀, ìyẹn sì máa di fífọ́ ògiri lọ́jọ́ iwájú. Àjọ ìjọba tó ń yẹ iná wò ni NEMSA, ẹ bi í bóyá ó mọ̀ wọ́n.

Omi_Ò_Lọ́tàá:
Ti púlọ́ńbà ò gùn. Kí ẹ tó tẹ́ táìsì, kí ẹ dí gbogbo ẹnu páìpù, kí ẹ rọ omi kún un, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Tó bá fà láàárọ̀, ẹ wá ibi tó ń jò. Sọ́kàwéè sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30. Ní Òkè Àdó tí ilé fún mọ́ra wọn, ẹ béèrè ibi tí sọ́kàwéè aládùúgbò wà pẹ̀lú, kì í ṣe tiyín nìkan.

Adé_Orílé:
Táìsì àti POP tí wọ́n fi ń ṣe sílìn, ẹ wá ará Kútọnu tàbí ará Tógò. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ọmọ_Ọ̀jọ́ọ̀:
Èmi máa bá ọ jiyàn. Mo ti rí ará Kútọnu tó tẹ́ táìsì tó dà bíi gíláàsì, mo ti rí òmíràn tó fi síméńtì sí igun mẹ́rin táìsì nìkan, tí àárín rẹ̀ ṣófo. Ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i kọ́ ló tẹ́ táìsì. Fi kọ́kọ́rọ́ kan án káàkiri, ibi tó bá dún òfìfo, kó ṣí i kó tún un tẹ́ kí o tó sanwó.

Adé_Orílé:
Ó dáa, mo gbà fún ọ lórí kíkàn án. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn yẹn ṣì ń kọ́ṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọmọ tiwa ti fẹ́ ra ọ̀kadà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ìyá_Ìsàlẹ̀_Èkó:
Kì í ṣòní ni èyí ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, Àgùdà ló kọ́ ọ, João Baptista da Costa lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà tó dé láti Brazil ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Tíṣà, tí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé àtijọ́ tó ní ọnà bá wà lára ilé ìyá yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dáná o. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ irú ti àwọn Àgùdà tó wà ní Tinúubú l'Ékòó, ọdún 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀, títí di òní inú mi ò tíì dùn sí i.

Onípákó_Bódìjà:
Ìdílé wa ń ta pákó ní Bódìjà, ẹ gbà mí láyè kí n sọ díẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀nà tí àwọn káfíńtà ń gbà ṣa igi. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í ní "ẹ kó ọgọ́rùn-ún fún mi". Á fa igi yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á gbé orí rẹ̀ sí ojú kan, á di ojú kejì, á wo bóyá ó wọ́. Á fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Igi tó bá tutù mọ́ ọwọ́, tó wúwo ju ojú rẹ̀ lọ, omi ṣì wà lára rẹ̀, tí wọ́n bá gbé e sókè á yí, páànù orí rẹ̀ á sì máa rí wálawàla. Irú àwọn káfíńtà bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa, a sì máa ń kùn sí wọn, ṣùgbọ́n tí àwa fúnra wa bá fẹ́ kọ́lé, àwọn là ń pè.

Ẹ mú téèpù dání. 2 nípa 4 tí wọ́n ń tà kì í sábàá pé 2 nípa 4. Oògùn ikán, ilẹ̀ ni ẹ ti ń fi pa igi, kó gbẹ, kí ẹ tó gbé e gòkè. Páànù náà, tí wọ́n bá ní 0.55mm ni bó ṣe nípọn tó, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n lójú yín.

Tíṣà_Òkè_Àdó:
N kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ti dá káfíńtà yẹn dúró ná, mo sì ti bá ẹnjiníà kan sọ̀rọ̀, ó dá mi lóhùn dáadáa nígbà tí mo béèrè nọ́ńbà COREN. Fọ́mààn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ báyìí tí mo lè wá wò? Ìsinmi iléèwé ti dé. Mo fẹ́ di rọ́bà omi yẹn mú.

Fọ́mààn_Ẹlẹ́yẹlé:
Ó wà. A fẹ́ da dẹ́kìn lọ́jọ́ Sátidé, irin ti wà lórí pákó. Kí ẹ dé kó tó di aago méje, torí tí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ráyè. Ẹ kọ́kọ́ yọjú sí abẹ́ rẹ̀ ná, kí ẹ wo bí ọparun tó gbé e dúró ṣe súnmọ́ra tó. Ẹ gòkè wá lẹ́yìn náà, kí ẹ wo àwọn òkúta kéékèèké tí a fi gbé irin kúrò lára pákó, kí kọnkéré lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ bá rí tí irin sùn lé pákó, ẹ fi hàn mí, a ó gbé e. Ẹ tún padà wá lọ́jọ́ Ajé kí ẹ rí bí a ṣe ń bu omi rin ín, torí ojoojúmọ́ la máa ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ọparun ò sì ní kúrò lábẹ́ rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ wọ bàtà tí abẹ́ rẹ̀ nípọn o, ìṣó wà nílẹ̀.

Aláwàdà_Dùgbẹ̀:
Àti búrẹ́dì, Tíṣà. Ẹ má gbàgbé búrẹ́dì.